Watchmen: Ojú Wo Ló Yẹ Ká Fi Kà Á?

Gẹ́gẹ́ bí déètì tó wà lára èèpo rẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni apá kìíní Watchmen jáde. Oṣù kẹwàá ọdún 1987 ni apá kejìlá fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Alan Moore, ọmọ ìlú Northampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ìtàn náà. Dave Gibbons ló ya àwòrán rẹ̀, òun náà ló sì fọwọ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. John Higgins ló fi àwọ̀ sí i, ilé-iṣẹ́ DC Comics ní New York sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Lọ́dún 1987 kan náà ni wọ́n kó apá méjèèjìlá pọ̀ sójú kan, títí di òní ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Hugo lọ́dún 1988. Nígbà tí ìwé ìròyìn Time to orúkọ ọgọ́rùn-ún ìwé ìtàn àròsọ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dára jù láti ọdún 1923, lọ́dún 2005, òun nìkan ni ìwé aláwòrán tó wà lára wọn.

Bí òkìkí rẹ̀ ṣe kàn tó yìí, àwọn tó kà á kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tó ń sọ. Ìtàn náà fúnra rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Láti òpin àwọn ọdún 1930 ni àwọn kan nínú ayé ìwé náà ti ń da ìbòjú bojú, tí wọ́n ń bá ọ̀daràn jà láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1977, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de gbogbo wọn, àfi àwọn tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba. Ẹnì kan péré nínú wọn ló ní agbára tó ju ti ọmọ ènìyàn lọ: Jon Osterman, tí jàǹbá yàrá ìwádìí sọ di Dókítà Manhattan lọ́dún 1959. Tìtorí tirẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi borí ní Vietnam, tí Richard Nixon sì ṣì jẹ́ ààrẹ ní 1985. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gba ojú fèrèsé ju ọ̀kan nínú àwọn akọni náà, Comedian, sílẹ̀, ó kú. Rorschach, tó ti kọ̀ láti pa òfin ìjọba mọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ẹsẹ̀ ọ̀ràn náà já sọ́dọ̀ Adrian Veidt, akọni àtijọ́ tó ti di olówó tabua. Veidt ti ṣètò ẹ̀dá abàmì kan tí yóò hàn lójijì ní New York, tí yóò pa àìmọye ènìyàn, kí Amẹ́ríkà àti Soviet Union lè rò pé ọ̀tá láti ayé mìíràn ló dé, kí wọ́n sì gbàgbé ìjà wọn. Ó ṣe é, ogun sì dúró. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ gbà láti panu mọ́. Rorschach nìkan ló kọ̀, Manhattan sì pa á. Ṣùgbọ́n ìwé tó ń kọ ìwádìí rẹ̀ sí lójoojúmọ́ ti wà ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn kan.

Ta ni ìwé yìí ń gbè lẹ́yìn, kí ló sì fẹ́ kí òǹkàwé gbà gbọ́? Bí mo ṣe ń to àwọn ìdáhùn tó wà nílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun kan hàn sí mi: ẹgbẹ́ òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ti lọ jókòó sí àga ẹnì kan nínú ìtàn náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wo gbogbo ìwé. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Ohun tí àga náà dí mọ́ wọn lójú ló ń fa àríyànjiyàn.

Ìwé tó tú àṣírí àwọn akọni

Èrò yìí ló pẹ́ jù, òun náà ló gbilẹ̀ jù. Superman jáde lọ́dún 1938, Batman lọ́dún 1939. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni àwọn òǹkàwé fi gbà láìjanpata pé ẹni tó wọ aṣọ aláràbarà tó sì ń lu ọ̀daràn lóru, ènìyàn rere ni. Moore béèrè irú ènìyàn tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ti gidi. Àwọn tó fi dáhùn kò ṣeé fi yangàn: ẹni tí ìyà ìgbà èwe ti bà jẹ́, ẹni tí ìwà ipá ń dùn mọ́, ẹni tó ń wá òkìkí, ẹni tó dá a lójú pé òun nìkan ló gbọ́n láyé.

Ìtàn bí wọ́n ṣe dá ìwé náà sílẹ̀ ń ti èrò yìí lẹ́yìn. Àwọn akọni tí DC rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Charlton ni Moore kọ́kọ́ fẹ́ lò. Dick Giordano, ọ̀gá kan ní DC, rí i pé bí Moore bá fi wọ́n parí ìtàn yìí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè fi wọ́n ṣe mọ́, ó sì ní kó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni Captain Atom ṣe di Manhattan, tí Blue Beetle di Nite Owl, tí Peacemaker di Comedian, tí the Question, iṣẹ́ ọwọ́ Steve Ditko, sì di Rorschach. Ẹni tó bá mọ àwọn ti àtijọ́ yóò rí ọ̀bẹ tí Moore fi ń la inú wọn.

Ibi tí èrò náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ìwé náà kò kórìíra àwọn akọni rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Ní apá keje, Dan Dreiberg, tó jẹ́ Nite Owl kejì, ti di ẹni tó sanra, tí ayé sú, tí kò ní okun kankan mọ́. Nígbà tí òun àti Laurie Juspeczyk, akọni àtijọ́ bíi tirẹ̀, tún gbé aṣọ àtijọ́ wọ̀, tí wọ́n gbé ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì lọ kó àwọn ènìyàn jáde nínú ilé tó ń jóná, okun rẹ̀ padà. Ayọ̀ ló kún àwọn ojú ìwé yẹn, mi ò rí ẹ̀gàn kankan nínú wọn. Àléébù kejì wà lára ohun tó tẹ̀ lé ìwé náà. Òun àti The Dark Knight Returns ti Frank Miller, tí òun náà jáde lọ́dún 1986, ló bí ìran akọni òǹrorò tí wọ́n kún inú ìwé aláwòrán lẹ́yìn náà. Moore ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé inú òun kò dùn sí i. Bí ìwé bá pa ẹ̀yà ìtàn kan lóòótọ́, kò yẹ kí ẹ̀yà ìtàn náà máa bí sí i.

Ìwé òṣèlú ìgbà tirẹ̀

Àwọn ẹlòmíràn ní kí a fi ọ̀rọ̀ aṣọ àti ìbòjú sílẹ̀, ká wo kàlẹ́ńdà. Ronald Reagan ló ń ṣèjọba ní Amẹ́ríkà, Margaret Thatcher nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọta átọ́míìkì Amẹ́ríkà sì wà ní Greenham Common, lórí ilẹ̀ àwọn tí Moore jẹ́ ọmọ wọn. Ilé agbára Chernobyl bú gbàmù ní oṣù kẹrin ọdún 1986, kí apá kìíní tó jáde. Aago inú ìwé náà, tó ń sún mọ́ ọ̀gànjọ́ òru láti apá dé apá, kì í ṣe àròsọ lásán. Láti 1947 ni àwọn onísáyẹ́ǹsì tó ń tẹ Bulletin of the Atomic Scientists ti ń lo irú aago bẹ́ẹ̀ láti fi ìwọ̀n ewu hàn, ní 1984 wọ́n sì gbé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí ọ̀gànjọ́.

Agbára èrò yìí pọ̀ sí ibi tó ti ṣàlàyé ẹ̀rù. Kò sí ojú ìwé kan tí ẹ̀rù ogun kò sí, yálà nínú àkọlé ìwé ìròyìn tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri, tàbí lẹ́nu bàbá tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta. Ó tún ṣàlàyé orúkọ ìwé náà, tó jáde láti inú ìbéèrè àtijọ́ tí Juvenal, akéwì Róòmù, béèrè nípa àwọn tí a fi ṣọ́ ilé: ta ni yóò ṣọ́ àwọn fúnra wọn? Moore fi ìbéèrè náà parí ìwé rẹ̀, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun rí i níwájú ìròyìn ìgbìmọ̀ Tower, ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ ìjọba Reagan wò lọ́dún 1987.

Odi Berlin ṣubú ní 1989, Soviet Union tú ká ní 1991, láìsí ẹ̀dá abàmì kankan. Àwọn kan wá sọ pé ìtàn ayé ti fi hàn pé Veidt ṣìnà, àti pé ìwé náà ti di ohun ìgbà tó ti lọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, aago Bulletin náà wà ní ìṣẹ́jú-àáyá 89 sí ọ̀gànjọ́, tó sún mọ́ ọn ju ti 1984 lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé náà bí ìwé òṣèlú nìkan yóò jọ Veidt: yóò máa rí orílẹ̀-èdè, kò ní rí ènìyàn.

Àwọn tó tẹjú mọ́ ojú ìwé

Ẹgbẹ́ kẹta ní àwọn méjì tó ṣáájú ń ka Watchmen bí ẹni pé ọ̀rọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ni mo fara mọ́ jù, èmi kò sì ní fi pamọ́.

Gbogbo ojú ìwé Watchmen ló dúró lórí àpótí àwòrán mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Gibbons lè pa méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, ṣùgbọ́n òǹkàwé máa ń mọ mẹ́sàn-án náà lára, bí ẹni gbọ́ ìlù tí kò dáwọ́ dúró. Torí pé ìlù náà kò yí padà, ìgbà tó bá yí, jìnnìjìnnì á bo ènìyàn. Apá kejìlá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ìwé mẹ́fà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan gba odindi ojú ìwé: òkú ló kún gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé nínú ìtàn náà tí àwòrán kan ṣoṣo gba ojú ìwé látòkè délẹ̀.

Ní apá karùn-ún, wọ́n to ojú ìwé méjìdínlọ́gbọ̀n bí ẹni tó dúró níwájú dígí: ìtò àpótí ojú ìwé kìíní bá ti ìkẹyìn mu, ìkejì bá èyí tó ṣáájú ìkẹyìn mu, bẹ́ẹ̀ títí dé agbedeméjì, níbi tí Veidt ti ń na ẹni tó wá pa á. Ẹni tó bá kà á kíákíá kò ní rí i rárá. Ní apá kẹrin, Manhattan jókòó sórí Mars, ọdún 1945, 1959, 1966 àti 1985 sì ń ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé aláwòrán nìkan ló lè ṣe èyí ní ìrọ̀rùn, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú tó wà lójú ìwé wà níwájú òǹkàwé ní àkókò kan, òun ló sì ń pinnu ibi tí ojú rẹ̀ yóò lọ. Fíìmù tí Zack Snyder ṣe lọ́dún 2009 jẹ́ ẹ̀rí fún wọn. Ó gbé ọ̀pọ̀ àwòrán Gibbons bí wọ́n ṣe wà, síbẹ̀ ohun kan já bọ́ nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ń wo fíìmù kò lè dúró, kò sì lè ṣí ojú ìwé padà.

Àwọn òǹkàwé Nàìjíríà kan ti fojú kan ọwọ́ Gibbons kí ayé tó gbọ́ Watchmen. Láàrin àwọn ọdún 1970, òun àti Brian Bolland ló ń ya Power Man, ìwé akọni aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún títà ní Nàìjíríà. Don Avenell àti Norman Worker ló kọ àwọn ìtàn rẹ̀. Àwòrán tó mọ́ gaara, tí àjèjì sí ìwé aláwòrán lè tẹ̀ lé láìṣìnà, ni iṣẹ́ náà béèrè. Èmi kò sọ pé ibẹ̀ ni àpótí mẹ́sàn-án ti wá. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ya Watchmen ti pẹ́ lẹ́nu bíbójú tó òǹkàwé.

Àléébù ẹgbẹ́ yìí ni pé wọ́n lè ka dígí apá karùn-ún láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìsọ ohun tó wà fún. Wọ́n ń rí gbogbo ìgbà lẹ́ẹ̀kan náà, bíi Manhattan. Ewu tó bá Manhattan sì wà lọ́dọ̀ wọn: bàbá rẹ̀, tó ń tún aago ṣe, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó di ẹni tó rí bí ohun gbogbo ṣe so mọ́ra, àánú fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀.

Ṣé Veidt jàre?

Àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ló fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù. Lójú wọn, ẹjọ́ ni ìwé náà. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni Veidt wà, tó gbà pé ọ̀pọ̀ ẹ̀mí tí a gbà là lè dá ìpànìyàn láre. Àwọn tó ń tẹ̀ lé John Stuart Mill lè bá a sọ̀rọ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni Rorschach, tí kò gbà kí irọ́ dúró bí ayé tilẹ̀ máa parẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Immanuel Kant mọ ohùn yẹn. Ẹjọ́ náà dára fún kíláàsì, ó sì mú kí a gbé òpin ìtàn náà yẹ̀ wò dáadáa. Nígbà tí Veidt béèrè lọ́wọ́ Manhattan bóyá òun ṣe ohun tó tọ́ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, èsì tó gbọ́ kò fún un ní ìdáláre, kò sì dá a lẹ́bi: ó kàn gba ìgbẹ̀yìn náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ti yan Rorschach láàyò. Ditko, tí àwọn akọni rẹ̀ bí Rorschach, fẹ́ràn ẹ̀kọ́ Ayn Rand, tó pín ayé sí funfun àti dúdú láìsí àárín. Moore ní òun dá Rorschach sílẹ̀ láti fi àrùn tó wà nínú irú ìrònú bẹ́ẹ̀ hàn ni, ẹ̀rù sì ba òun nígbà tí àwọn òǹkàwé ń wá sọ fún òun pé Rorschach ni àwọn. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣòroó rí: òun nìkan ni kò yẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó gbè sẹ́yìn Veidt àti àwọn tó gbè sẹ́yìn Rorschach jọ fojú fò. Walter Kovacs di Rorschach nítorí ìròyìn kan. Wọ́n pa Kitty Genovese, ènìyàn gidi, ní New York ní oṣù kẹta ọdún 1964, New York Times sì kọ ọ́ pé ènìyàn méjìdínlógójì ló rí i tí wọn kò ṣe nǹkan kan. Nínú ìtàn Moore, Kovacs ka ìròyìn yẹn, ojú ti í fún gbogbo ọmọ ènìyàn, ó sì fi aṣọ tó gbà pé obìnrin náà ló ní kí wọ́n rán ṣe ìbòjú rẹ̀. Lọ́dún 2016, New York Times fúnra rẹ̀ gbà pé ìròyìn náà ní àbùkù, pé ó bù mọ́ iye àwọn tó rí i àti ohun tí wọ́n rí. Moore kò lè mọ èyí ní 1986. Ṣùgbọ́n àwa mọ̀ ọ́n: ìpìlẹ̀ ìbínú ẹni tí kò gba irọ́ láàyè wà lórí ìròyìn tí kò pé.

Àwọn tó ń wo obìnrin àti aláwọ̀ dúdú inú ìwé náà

Ẹgbẹ́ yìí béèrè àwọn tí ìwé náà fi sí ẹ̀gbẹ́. Comedian fẹ́ fipá bá Sally Jupiter, akọni obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, lò pọ̀ lọ́dún 1940. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Sally fi ìfẹ́ gbà á, ó sì bí Laurie fún un. Àwọn kan rí òtítọ́ ọkàn ènìyàn tó díjú níbẹ̀. Àwọn mìíràn, mo sì rò pé ọwọ́ wọn kún fún ẹ̀rí, rí ọkùnrin òǹkọ̀wé tó tètè rí ìdáríjì gbà lórúkọ obìnrin. Laurie náà kò ní iṣẹ́ púpọ̀ ju pé kí ọkùnrin fẹ́ ẹ tàbí kó fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé rẹ̀ lórí Mars ló yí ọkàn Manhattan padà sí ayé.

Ní ti ẹ̀yà, ìwé náà mọ̀ ju bí ó ṣe ń sọ lọ. Ní ìpàdé àwọn akọni lọ́dún 1966, lára ohun tí Captain Metropolis kọ sára àwòrán ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé àwọn gbọ́dọ̀ bá jà ni rúkèrúdò àwọn aláwọ̀ dúdú. Dókítà Malcolm Long, aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ọpọlọ Rorschach lẹ́wọ̀n, ni mo rí bí ẹni tó sàn jù nínú ìwé náà. Ní apá kọkànlá, ó dúró láti la ìjà ní ìkóríta, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń kìlọ̀ fún un pé òun yóò fi í sílẹ̀ bó bá dá sí i. Ibẹ̀ ló kú sí, òun pẹ̀lú bàbá tó ń ta ìwé ìròyìn àti ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ka ìwé aláwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Eré tẹlifíṣọ̀n tí Damon Lindelof ṣe fún HBO lọ́dún 2019 lọ jókòó sí àga àwọn wọ̀nyí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Tulsa lọ́dún 1921, nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun jó Greenwood, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sì pa àwọn ará ibẹ̀. Hooded Justice, tó ń fi okùn sọ́rùn nínú ìwé Moore láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú, di aláwọ̀ dúdú tí wọ́n fẹ́ fi okùn yẹn pa. Àwọn tó sọ ara wọn di ọmọ ẹ̀yìn Rorschach sì di ẹgbẹ́ apániláyà aláwọ̀ funfun. Ó fi ohun tí ìwé náà gbójú fò hàn gbangba. Àmọ́, eré mìíràn ni. Ohun tó fi kún ìtàn kò lè di ohun tó wà nínú ìwé láti 1986.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín

Kúkúrú ni ti ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn. Ìwé àdéhùn sọ pé bí DC bá ti dáwọ́ títẹ ìwé náà dúró, ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò padà sọ́dọ̀ Moore àti Gibbons. DC kò dáwọ́ dúró rí, ẹ̀tọ́ náà kò sì padà. Moore bá wọn pín gaarí, kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sí fíìmù náà. DC tún tẹ àwọn ìtàn mìíràn lórí àwọn akọni náà: Before Watchmen lọ́dún 2012, àti Doomsday Clock láti 2017 sí 2019. Àwọn kan ní ká má ka àwọn wọ̀nyí rárá nítorí òǹkọ̀wé náà. Àwọn mìíràn rántí pé Moore fúnra rẹ̀ ti fi akọni ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ni mo rí nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìwé kíkà lọ.

Ohun tí kò tíì yanjú

Kò tíì dájú bóyá ẹni tí kò mọ Superman tàbí Ditko lè rí ìwé náà gbà ní kíkún. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti wo fíìmù akọni láìka ìwé kankan ń kà á báyìí, ẹ̀rí wọn kò sì tíì bára mu.

Ikú Rorschach náà ṣì wà nílẹ̀. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀, ojú Kovacs tó kún fún omijé hàn, ó sì ní kí Manhattan pa òun. Àwọn kan ní ìgboyà ìkẹyìn ni. Àwọn mìíràn ní ọ̀nà àtikú ló ń wá, nítorí kò lè gbé nínú ayé tí irọ́ ti gbà là, kò sì fẹ́ bà á jẹ́. Àwòrán náà fara mọ́ méjèèjì.

Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ọ́fíìsì New Frontiersman. Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú ìwé ìròyìn yẹn ni ìkórìíra àti ìfura sí àwọn tí kò jọ wọ́n. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí nínú ìtàn náà ohun tó sọ bóyá ẹnikẹ́ni yóò gbà wọ́n gbọ́, tàbí bóyá àwọn tó bá gbà wọ́n gbọ́ ni irú ènìyàn tó yẹ kí òtítọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Èrò márààrún tó dá lórí ìtàn náà ló nílò ìdáhùn sí èyí kó tó lè parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.